Kì í ṣe ìtàn kan náà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹni tó ń kọ ojú ewé sinimá fún yín sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹni tí kò bá ní sùúrù láti máa ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tò sísàlẹ̀ fíìmù Jàpáànì, kó kúkú lọ wo èyí tí àwọn Amẹ́ríkà tún ṣe, pé ìtàn kan náà ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Kì í ṣe ìtàn kan náà rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú "Kairo", fíìmù adẹ́rùbani Jàpáànì tí Kiyoshi Kurosawa ṣe ní 2001. Ọ̀dọ́kùnrin kan wọ yàrá kan tí wọ́n fi téèpù pupa lẹ etí ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn. Òkú obìnrin kan dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Kò pariwo, kò nawọ́ sí i. Ó rìn díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, ó tún nàró, ó ń bọ̀. Ọmọkùnrin náà rá pálá lọ sẹ́yìn àga. Mo ti wo ibẹ̀ yẹn bí ìgbà mẹ́wàá, orí mi ò yé wú. Ẹsẹ̀ tó yẹ̀ yẹn ló ń pani láyà.

Ní 2006 ni Amẹ́ríkà tún un ṣe, wọ́n pè é ní "Pulse". Òkú tiwọn ń já lu èèyàn, ó ń fa ẹ̀mí wọn mu, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì hàn lára rẹ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ inú fíìmù náà gbé fáírọ́ọ̀sì sínú ẹ̀rọ kí wọ́n lè fi lé òkú lọ. Ohun tí Kurosawa ń sọ ni pé àwọn tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nínú yàrá wọn ti ń dá wà, pé ẹni tó bá sì kú yóò máa dá wà títí láé. Fáírọ́ọ̀sì wo ló fẹ́ wo ìyẹn sàn?

"Ringu" ti Hideo Nakata, 1998, ni gbogbo ayé mọ̀. Sadako, òkú obìnrin inú rẹ̀, jáde nínú kànga, ó tún rá jáde nínú tẹlifíṣọ̀n, irun bo gbogbo ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ní kí Rie Inō tó ṣe é máa rìn, wọ́n wá dá fíìmù náà padà sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí ìrìn rẹ̀ fi dà bíi ti ẹni tí eegun rẹ̀ kò so mọ́ra. Ẹyinjú rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́ ká rí. Gore Verbinski, nínú "The Ring" tó fi tún un ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2002, ṣí gbogbo ojú òkú ọmọbìnrin tirẹ̀ hàn wá, pẹ̀lú ẹran ara tó ti jẹrà. Mo gbà pé tirẹ̀ kò burú, Naomi Watts, òṣèré rẹ̀, sì ṣiṣẹ́ gan-an. Àmọ́ fíìmù náà pa ju 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ, owó yẹn ló mú kí àwọn àtúnṣe yòókù máa rọ́ dé, títí kan "One Missed Call" ti 2008 tí mi ò fẹ́ fi àkókò yín ṣòfò lé lórí.

Kì í sì í ṣe pé àwọn ará Jàpáànì kò bá wọn lọ́wọ́ sí i ní Hollywood. Takashi Shimizu tó ṣe "Ju-On" ní Jàpáànì náà ló darí "The Grudge", èyí tí Amẹ́ríkà tún ṣe, ní 2004, Takako Fuji kan náà tó ṣe òkú inú rẹ̀ ló ń rá bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Síbẹ̀ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n kó sáàárín ìtàn, àwọn onílé wá di èrò ẹ̀yìn ní Tokyo tiwọn.

Onryō ni àwọn ará Jàpáànì ń pe irú òkú bẹ́ẹ̀: ẹni tí wọ́n ṣe níkà títí tó fi kú, tí ìbínú ò jẹ́ kó lọ. Láti 1825 ni Oiwa, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, ti wà lórí ìtàgé kabuki, eré ìbílẹ̀ Jàpáànì, tí irun orí rẹ̀ ń já bó ṣe ń yà á. Ará Jàpáànì tó bá rí irun Sadako ti mọ irú ẹni tó ń bọ̀, kò sídìí àlàyé. Ó yẹ kó yé àwa náà. Àkúdàáyà inú ìtàn màmá màmá mi kì í bú mọ́ ẹnikẹ́ni. Ata ló ń tà nílùú mìíràn, ó lọ́kọ, ó bímọ, ọjọ́ tí ará ilé bá rí i lọ́jà ló ń pòórá.

Ní ti kíkà tí akọ̀wé yín ń bẹ̀rù: màmá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò sì gbọ́ èdè Jàpáànì. Mo gbé "Ringu" sí i fún wọn lálẹ́ ọjọ́ kan, mi ò túmọ̀ nǹkan kan. Nígbà tí Sadako gbọ́wọ́ lé etí kànga, wọ́n dìde, wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n fi bo tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà mìíràn tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ nípa èyí tí Hollywood tún ṣe, ẹ kọ orúkọ fíìmù Jàpáànì náà àti ẹni tó ṣe é sókè, kí òǹkàwé lè wá a lọ.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.