Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ya sinimá n'Ífẹ̀, ẹ tọ́jú ohùn

Ẹ̀yin ọmọ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo owó tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, kámẹ́rà lẹ fi ń rà. Kò burú, ṣùgbọ́n ohùn ló ń lé òǹwòran. Bí àwòrán bá ṣókùnkùn díẹ̀, wọ́n á fara dà á. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá gbọ́ ni wọn kì í dárí jì yín.

Ẹ má gbára lé makirofóònù orí kámẹ́rà, torí bí kámẹ́rà bá ṣe jìnnà náà ni òun náà ń jìnnà. Ẹ so òmíràn mọ́ ọ̀pá gígùn, kó wà lókè òṣèré, bíi ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3 sí ẹnu rẹ̀, kó dojú kọ àyà rẹ̀. Ẹni tó di ọ̀pá mú gbọ́dọ̀ mọ ìwé eré lórí. Bí kò bá tètè yí ọ̀pá, ìdajì èsì ẹnì kejì ti lọ. Lórí òṣùwọ̀n ohùn tó wà lára ẹ̀rọ (dB), kí ọ̀rọ̀ lásán máa dé bíi -12, kí igbe má kọjá -6. Ohùn tó bá ti kan 0 ti fọ́, kọ̀ǹpútà ò lè tún un ṣe.

Láti 1968 tí Ọlá Rótìmí, òǹkọ̀wé eré oníṣe, ti bẹ̀rẹ̀ sí í darí eré ní Orí Olókun, ilé eré kan n'Ífẹ̀, orí ìtàgé ni ọ̀pọ̀ òṣèré Ifẹ̀ ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbóhùn jáde kí ará ẹ̀yìn lè gbọ́. Níwájú makirofóònù, ẹ ní kí wọ́n rọra.

Yàrá onítáìlì tó ṣófo á máa dá ohùn padà. Ẹ kọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn sára ògiri tí kámẹ́rà ò rí, kí ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ẹ pa fáànù, ẹ yọ wáyà fíríìjì. (Ẹni tó yọ ọ́, kó ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sínú fíríìjì, kó má baà gbàgbé kí ẹran onílé bàjẹ́.) Kí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ilé kejì. Lásìkò òjò, ẹ má fi ìran tó kún fún ọ̀rọ̀ sábẹ́ páànù. Àkókò ìrun kì í ṣe àṣírí. Ẹ kọ ọ́ sínú ètò iṣẹ́.

Bí ọ̀kadà bá kọjá lórí ọ̀rọ̀, ẹ tún un yà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé orin á bò ó. Àṣà orin tó ń ròyìn ìtàn kó tó ṣẹlẹ̀ yìí ti sú ọ̀pọ̀ wa.

Kí ẹ tó palẹ̀ mọ́, kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ gba ohùn yàrá lásán. Òun ni olóòtú á fi dí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀. Láìsí i, ibi tí ẹ ti gé e á máa hàn létí.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ gbé e sórí fóònù kékeré, nítòsí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, torí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ á ṣe wò ó. Ẹ pe ẹni tí kò ka ìwé eré rí, kó máa gbọ́ láìwo àwòrán. Ibi tó bá ti bi yín pé, "Kí ló wí?", ẹ sàmì síbẹ̀, kí ẹ pe òṣèré náà padà wá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.

Èmi ni,
Bàbá yín, Ilé-Ifẹ̀.