Ẹ jẹ́ kí mẹ̀kúnnù náà lè gun òrùlé

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ilé ọ̀pẹ́rà, ìyẹn ilé eré olórin, tó wà létí omi ní Oslo, ní orílẹ̀-èdè Norway, èyí tí wọ́n ṣí ní 2008. Èrò tèmi ni pé bí wọ́n bá máa kọ́ ilé àṣà sí etí adágún Jabi ní Abuja níbí, kí òrùlé rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé, láìgba kọ́bọ̀.

Ní Oslo, òrùlé náà rọra dagẹ̀rẹ̀ láti etí omi lọ sókè, tọmọdé tàgbà ń rìn lórí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Níbí, ẹni tí ò bá lówó ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ibo ló fẹ́ jókòó sí?

Ṣùgbọ́n kí wọ́n má kàn da ti òyìnbó kọ o. Òkúta mábù funfun ni wọ́n fi ṣe ti ibẹ̀. Iṣẹ́ títẹ́ táìsì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mò ń ṣe. Lóṣù kẹta, bí oòrùn Abuja bá ti pa òkúta fún wákàtí méjì, ẹ ò lè fi orúnkún kanlẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì ni mo máa ń ká sábẹ́ tèmi. Bí òjò bá sì dé, òkúta dídán a máa yọ̀ bí ilá. Òkúta tí ojú rẹ̀ ò dán ni kí wọ́n lò, kí ibòji wà, kí wọ́n sì fi irin sétí rẹ̀. Àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ńkọ́? Ẹ̀rọ agbéniròkè ni tiwọn, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, torí iná wa yìí.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ táìsì,
Kubwa, Abuja.