Lẹ́tà sí Sìmíátù, Ọmọ Mi Tó Ń Ṣiṣẹ́ Òru

Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Sìmíátù, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àléékúmù. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án tí mo gbọ́ ohùn rẹ kẹ́yìn. Bí mo bá pè ọ́ láàárọ̀, fóònù á dún títí á fi dákẹ́. Bí ìwọ bá rántí pè padà, aago méjì òru ni, èmi ti sùn. “Dádì, mo wà dáadáa” tí ò ń tẹ̀ ránṣẹ́ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà, kí Rìdíwàánù mú un bá ọ ní Awóyáyà.

Ara wa le níbí. Òjò wó apá kan ibi tí ìyá rẹ ti ń yan ẹja, a ti tún un mọ. Ọ̀bọ̀kún wọ́n bí ojú lọ́jà Olúwo. Rìdíwàánù ti ṣe fúrídọ̀ọ̀mù rẹ̀. Iná ò tíì dé láti ọjọ́ Ẹtì.

Sìmí, ọmọ Ìyá Sàká tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Ajah wá bá ìyá rẹ. Ó ní òun rí mọ́tò rẹ ní Ṣàngótẹ̀dó, imú rẹ̀ ti gun etí gọ́tà, èrò ti pé lé e lórí. Ó ní ìwọ jókòó sídìí sítíárín, ò ń fi ọwọ́ nu ojú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Aago méje àárọ̀ ti kọjá díẹ̀ nígbà náà. Ṣé òótọ́ ni? Bí kì í bá ṣe òótọ́, tètè sọ kí ọkàn mi balẹ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́, má wulẹ̀ wá irọ́ kankan pa fún mi, torí mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. O sùn lọ ni.

N kò sọ pé kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé nígbà tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́ níbí, ọ̀sán ṣì ni lọ́dọ̀ àwọn Amẹ́ríkà tí ẹ ń dá lóhùn lórí fóònù, owó wọn sì ti ṣe gudugudu méje fún ilé yìí. Òrùlé tó wà lórí mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, owó òru rẹ ni. Mo mọ̀ ọ́n. Òun gan-an ni kì í jẹ́ kí n sùn.

O mọ̀ pé ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní bàọ́lọ́jì. Ohun kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí à ń pè ní haipotálámọ́ọ̀sì. Kò tóbi ju ọmọ inú fúrúùtù tí ẹ máa ń fi òkúta fọ́ jẹ lẹ́yìn ilé lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju bíi gírámù 4. Òun ló ń pàṣẹ ebi, òùngbẹ, ooru ara àti oorun. Ó ń rán họ́mọ́ọ̀nù, èròjà tí ara fi ń jíṣẹ́, sí ẹ̀yà kan tó ń jẹ́ pituitary, tó so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn á rán tirẹ̀ sí tàírọ́ìdì tó wà lọ́rùn, èyí tó ń pinnu bí ara ṣe ń yára sun oúnjẹ di agbára. Á tún rán sí ẹ̀yà kékeré tó jókòó lórí kíndìnrín, tó ń tú kọ́tísọ́ọ̀lù jáde nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́ kí ara lè jí. Inú haipotálámọ́ọ̀sì yìí ni aago ara wà: sẹ́ẹ̀lì bíi 20,000, lókè ibi tí iṣan ojú ọ̀tún àti tòsì ti gba ara wọn kọjá. Bí a bá fi aago náà sílẹ̀ fún ara rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ a máa fi díẹ̀ ju wákàtí 24 lọ. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó ń gba ojú wọlé ló ń tún un tò lójoojúmọ́.

Ṣé o rántí patanmọ́ ẹ̀gbẹ́ kànga, tí ẹ máa ń fọwọ́ kàn, tí ẹ ó máa kọrin sí i pé ọkọ rẹ̀ ń bọ̀? Lọ́dún 1729, ará Faransé kan, de Mairan, gbé irú ewé bẹ́ẹ̀ pa mọ́ sínú òkùnkùn. Kò rí oòrùn rárá. Síbẹ̀, nígbà tó di ojúmọ́ ó là, nígbà tó di alẹ́ ó pa dé. Aago wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2017, wọ́n fún ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Hall, Rosbash àti Young, ní ẹ̀bùn Nobel torí wọ́n rí bí irú aago bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú eṣinṣin kékeré tó máa ń bà lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Ewé ní in, eṣinṣin ní in, ìwọ náà ní in, Àbẹ̀kẹ́, kò sì mọ̀ pé wọ́n ń san owó òru fún ọ.

Wo ọ̀nà tí ò ń gbà délé. O kúrò ní Lẹ́kì ní ìdájí, ìlà oòrùn lo kọjú sí títí o fi dé Awóyáyà. Oòrùn ń wọ̀ ọ́ lójú tààrà, ó ń sọ fún ọpọlọ rẹ pé ilẹ̀ mọ́, kó pa mẹlatónì tó ń pe oorun wá. O wá délé, o ní o fẹ́ sùn. Báwo ni oorun ṣe fẹ́ wá? Ṣùgbọ́n kó tó di ìgbà náà, lójú ọ̀nà níbẹ̀, oorun tí o jẹ ní gbèsè láti àná ń gbà á lọ́wọ́ rẹ. Láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún ìdájí ni ooru ara máa ń lọ sílẹ̀ jù, ìgbà náà ni oorun sì máa ń kun ènìyàn jù. Wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ẹni tó bá lajú fún wákàtí 17, ọwọ́ rẹ̀ a máa falẹ̀, ojú rẹ̀ a máa pẹ́ rí nǹkan, bí ẹni tó ti mu ọtí díẹ̀. Ìwọ tí ọtí ò kan ẹnu rẹ rí láyé, ò ń wakọ̀ bí ọ̀mùtí nínú èrò Ṣàngótẹ̀dó!

Ìyá rẹ ní o ti sanra, inú rẹ̀ ń dùn. Inú tèmi ò dùn. Rìdíwàánù sọ fún mi pé aago mẹ́ta òru ni o máa ń se ìndómì ní ọ́fíìsì. Ọ̀rá ara ń tú họ́mọ́ọ̀nù kan jáde tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé ó tó gẹ́ẹ́, lẹ́pítìnì, 1994 ni wọ́n rí i. Inú ikùn sì ń tú òmíràn jáde tó ń pe ebi, gírẹ́lìnì, ìyẹn 1999. Bí ènìyàn kò bá sùn dáadáa, èyí tó ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́ á dínkù, ti ebi á pọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀kánjúwà ló ń ṣe ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n lóru, ara kì í lè palẹ̀ ṣúgà mọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bíi tọ̀sán. Jẹun yó kí o tó lọ síbi iṣẹ́. Bí ebi bá pa ọ́ lóru, ẹ̀pà díẹ̀ tó.

Àrùn ìtọ̀ ṣúgà tí mo ń lo oògùn sí, o rò pé ibo ló ti wá? Bàbá mi ní in, n kò lè di gbogbo ẹrù rẹ̀ ru òru. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni mo fi kọ́ ọmọ lójúmọmọ, tí mo tún tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi lọ dẹ àwọ̀n lórí ọ̀sà lóru, obì lẹ́nu, kí owó iléèwé yín lè pé. Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, èmi náà ni mo ń ya ọpọlọ sára bọ́ọ̀dù, tí mo ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé oorun ṣe pàtàkì.

Mo sì ṣe é fún ìwọ náà. Lọ́dún tí o fẹ́ ṣe wáẹ̀ẹ̀kì, mo máa ń jí ọ ní aago méjì òru, mà á gbé ọpọ́n omi tútù sábẹ́ tábìlì, mà á ní kí o ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kí oorun má baà gbé ọ. Mo rántí bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe máa ń wú funfun. Ọpọlọ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún a máa pẹ́ kó tó pe oorun lálẹ́, inú oorun tó wọra ni họ́mọ́ọ̀nù ìdàgbà sì ti ń pọ̀ jù. Mo mọ gbogbo èyí. Mo ní oorun ni ọ̀tá ọmọ tálákà. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kí o má sùn, Sìmí. Dárí jì mí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí, tí mo ń yí ká láti ìbẹ̀rẹ̀. Àpá tó wà ní àgbọ̀n rẹ. Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọ́, à ń bọ̀ láti Ìtóìkín lórí ọ̀kadà mi ní ìdájí, lẹ́yìn tí mo ti orí ọ̀sà dé. Mo sọ fún ìyá rẹ, mo sọ fún dókítà, mo sọ fún ìwọ náà nígbà tí o dàgbà tó láti béèrè, pé ewúrẹ́ ló já sọ́nà. Kò sí ewúrẹ́. Oorun ló gbé mi lọ. Ẹkún rẹ ló jí mi, mo rí ọ nínú koríko, ẹ̀jẹ̀ ti bo gbogbo àyà aṣọ pupa kékeré yẹn. Ìyá rẹ ò tíì mọ̀ títí dòní. Má sọ fún un, èmi fúnra mi ni mà á sọ ọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Ìyá Sàká ń sọ tirẹ̀, koríko ọ̀nà Ìtóìkín ni mo ń rí.

Mo bẹ̀ ọ́. Bí wọ́n bá tú yín sílẹ̀, wọ bọ́ọ̀sì. Bí o bá gbé mọ́tò lọ, fi orí lé tábìlì fún ìṣẹ́jú ogún kí o tó bọ́ sójú ọ̀nà, kí o sì dúró kí ojú rẹ dá kedere. Má mu kọfí lẹ́yìn aago méjì òru, kì í tètè kúrò lára. Bí o bá wà nínú bọ́ọ̀sì, wọ awò dúdú lòdì sí oòrùn yẹn. Fi aṣọ tó ki bo fèrèsé rẹ. Rìdíwàánù mú àǹkárá dúdú ìyá rẹ lọ́wọ́, yóò bá ọ kàn án mọ́ ọn. Aago kan náà ni kí o máa sùn, títí kan ọjọ́ ìsinmi.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí o máa pè mí, o ti jí nígbà náà, èmi náà sì ti kírun tán. Fóònù á wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá rẹ ti yan ọ̀bọ̀kún mẹ́fà dè ọ́. Bí o bá ń bọ̀ wá gbà á lópin ọ̀sẹ̀, fi mọ́tò sílẹ̀ ní Awóyáyà.

Èmi ni bàbá rẹ.