Àjọkẹ́, má kọ ọ́ pé mo gboyè níbẹ̀

Àjọkẹ́ mi,

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo ti ń pè ọ́, o ò gbé fóònù. Àǹtí rẹ ní Baltimore ló ta mí lólobó pé o ti ń kọ fọ́ọ̀mù yunifásítì, pé níbi tí wọ́n ti béèrè ibi tí òbí ti kàwé, o kọ orúkọ ilé-ìwé mi àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, o sì ní mo gboyè níbẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé o ti fi ránṣẹ́?

Màmá rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ wọn bí ìbejì. Jẹnẹrétọ̀ tún ti dákẹ́.

Mo mọ ohun tó kó sí ọ lórí. Àwọn kan nínú yunifásítì aládàáni ọ̀hún máa ń ṣojú rere sí ọmọ ẹni tó ti kàwé jáde lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́gásì ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n gbé Harvard lọ sílé-ẹjọ́ ni àṣírí tú: nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta, bí ẹyọ kan ń wọlé, nínú 100 àwọn tó kù, bí mẹ́fà péré. Ó dunni. Maryland tí o wà yẹn fòfin dè é ní 2024, ṣùgbọ́n ibi tí ojú rẹ wà kò sí ní Maryland. Yunifásítì MIT kì í tilẹ̀ wò ó bóyá bàbá ọmọ kàwé jáde níbẹ̀ kó tó gbà á. Kí ló dé tí o ò dán ibẹ̀ wò? Olórí kunkun! Ìwọ tí gbogbo àdúgbò jó nítorí máàkì rẹ.

Fọ́tò orí tẹlifíṣọ̀n yẹn, èmi níwájú láíbúrárì, yìnyín dé kókósẹ̀: kóòtù ọrùn mi kì í ṣe tèmi. Ọmọ Gáná tí a jọ ń gbé yàrá ló yá mi. Ọdún 1985 ni. Aṣọ tí bàbá mi ń tà ní Gbági ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé mi. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ìjọba, dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, apá wọn ò ká a mọ́. Mo kó ẹrù mi.

N ò kàwé jáde, Àjọkẹ́. Nígbà tí mo délé, wọ́n ń pè mí ní "Amẹ́ríkà", mo sì ń jẹ́ ẹ. Màmá rẹ pàápàá, ọdún kẹta ìgbéyàwó wa ni wọ́n tó mọ̀. Ìwé ẹ̀rí tó wà nínú àpótí mi, ti Póli Ìbàdàn ni. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ kí o tó wọ bàálù.

Wọ́n ní àkọsílẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n á wá orúkọ mi tì, ìwọ ni wọ́n á sì pè ní òpùrọ́. Èmi ni mo purọ́ o, kì í ṣe ìwọ. Èmi fúnra mi, ọmọ aláṣọ Gbági ni mo jẹ́ tí wọ́n fi gbà mí.

Jọ̀ọ́ ọmọ mi, pa á rẹ́. Kọ Póli Ìbàdàn síbẹ̀. Bí o bá ti fi ránṣẹ́, sọ fún mi, èmi ni màá kọ̀wé sí wọn. Owó aṣọ òtútù ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Má yá kóòtù ẹnikẹ́ni. Gbé fóònù.

Bàbá rẹ