Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ dókítà

Òṣogbo,
Oṣù Kẹsàn-án.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí o kọ sí mi, mo sì kà á sókè fún bàbá rẹ lẹ́yìn tí a jẹun alẹ́ tán. Wọ́n ní èmi ni kí n dá ẹ lóhùn, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ilé-ìwòsàn ni mo ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ náà kọjá èyí tí a ń sọ lórí fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa já a lẹ́nu wa. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí o lè rí i tún kà.

O ní o ti pé ọmọ ọdún 29, pé Second Class Lower lo fi jáde nínú Biochemistry, pé C6 wà níbi Physics nínú WAEC rẹ, D7 sì wà níbi Chemistry, NECO ọdún kejì lo fi gba kírẹ́díìtì nínú ìyẹn. O wá béèrè bóyá ó ti pẹ́ jù láti di dókítà. Kò pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí o ní o fẹ́ gbà yẹn, mi ò fara mọ́ ọn.

Direct Entry lo ń rò, kí o lè fi digírì rẹ wọlé, kí o bẹ̀rẹ̀ láti 200 level, kí o fi ọdún márùn-ún ṣe ohun tí àwọn yòókù ń fi mẹ́fà ṣe. Ó yé mi. Ẹni tó ti gba digírì kan kò ní fẹ́ padà lọ jókòó ti àwọn ọmọ ọdún 17. Àmọ́ àyè tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún Direct Entry nínú ìmọ̀ ìṣègùn kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tó sì ń gba digírì, Second Class Upper ni wọ́n ń béèrè. Tìrẹ kò dé ibẹ̀. JAMB kò sì gbà kí ènìyàn ra fọ́ọ̀mù UTME, ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, àti ti Direct Entry pọ̀ lọ́dún kan ṣoṣo. Bí o bá fi ọdún tó ń bọ̀ lé Direct Entry tí kò sì bọ́ sí i, ọdún yẹn lọ nìyẹn, ọdún kan sì wọ́n fún ẹ ju bó ṣe wọ́n fún ọmọ ọdún 17 lọ. UTME ni kí o ṣe. Bẹ̀rẹ̀ láti 100 level, má sì tijú.

Nínú UTME, kò sí ẹni tó máa fi Second Class Lower wọ̀n ẹ́. Ohun tí o bá gbà nínú 400 ni wọ́n á wò, pẹ̀lú ìdánwò tí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá ṣe fúnra wọn, àti ìwé O'level rẹ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pín máàkì JAMB sí 8 ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ń pín ti post-UTME sí 2, tí wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀. Ẹni tó gba 280 ní JAMB ti ní 35 nìyẹn. Bó bá gba 80 nínú ìdánwò wọn, ó di 75. Bí kírẹ́díìtì márùn-ún bá ti pé, C6 àti A1 kò yàtọ̀ síra nínú ìṣirò yẹn. Ní Ifẹ̀, máàkì 10 nínú 100 ni wọ́n máa ń fún O'level. C6 á mú ẹ rẹlẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, kò ní lé ẹ dànù. Nítorí náà, nígbà mìíràn tí o bá fẹ́ sọ pé máàkì rẹ kò dára, kọ́kọ́ wo ẹni tó fẹ́ kà á.

Ohun tó lè lé ẹ dànù ni ìjókòó méjì. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló ń béèrè pé kí English, Mathematics, Physics, Chemistry àti Biology pé sínú ìwé kan, ní ìjókòó kan. Ìwé WAEC àti NECO tí o so pọ̀ gbé ẹ dé Biochemistry, kò ní gbé ẹ dé ibi tí o ń lọ yìí. Tún márààrún ṣe. Kì í ṣe Physics àti Chemistry nìkan, gbogbo rẹ̀ ni. WAEC ń ṣe ti àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé níbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n sì tún ń ṣe òmíràn ní apá kejì ọdún.

Ṣùgbọ́n kí o tó san owó fọ́ọ̀mù kankan, mo fẹ́ kí o jókòó ti àwọn máàkì tó ń bà ẹ́ lọ́kàn jẹ́ yẹn. Ní wọ́ọ̀dù, bí wọ́n bá gbé aláìsàn wọlé tí ara rẹ̀ ń jó bí iná, a kì í fún un ní Paracetamol kí a wá ní ó tán. Ibà ń mú ara gbóná, táífọ́ọ̀dù ń mú un gbóná, egbò tó ti kẹ̀ sínú náà ń mú un gbóná, oògùn wọn kò sì jọra. Máàkì rẹ mẹ́ta ni mo rí tó ń jó bẹ́ẹ̀, ohun tó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀.

C6 inú Physics, àìmọ̀ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tí o lọ kò ní olùkọ́ Physics láti SS1 títí di ìdajì SS2, o rántí. Ńṣe lo há àwọn fọ́múlà sórí, o kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Fún ìyẹn, àdúrà àti ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá nìkan kò tó. Wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìwé SS1 pẹ̀lú ẹ, kí o gbà fún un bí ọmọ kékeré.

Second Class Lower kì í ṣe àìmọ̀. Mo ṣì ní ìwé máàkì rẹ nílé. 100 level lọ dáadáa bí a bá yọ ẹyọ kan kúrò, 200 level ni gbogbo rẹ̀ wó, 400 level sì dára ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. 200 level yẹn ni ọdún tí ọkọ̀ gbá bàbá rẹ ní Òkè-Fíà, tí o ń wálé lọ́jọ́ Ẹtì láti wá jókòó ti ṣọ́ọ̀bù wa l'Ọ́jà-Ọba, tí o ń padà lọ́jọ́ Ajé. Àkókò ni kò sí. Nítorí náà, a ti sọ ọ́ nílé, bàbá rẹ ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́: bí o bá wọlé, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yìí tó gbọdọ̀ pè ẹ́ wá ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, ì báà ṣe ìgbà ayẹyẹ Ọ̀ṣun tí ọjà ń tà jù. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá pè, sọ pé èmi ni mo ní kí o má wá.

Ẹ̀kẹta ni F tí o gbà nínú Mathematics ní 100 level. Ìyẹn kò ní ẹjọ́ kankan nínú. O kì í jí lọ sí kíláàsì aago méje àárọ̀. Ó sì ń dùn mí ju méjì yòókù lọ, torí pé àìmọ̀ ṣeé kọ́, àkókò ṣeé wá, ṣùgbọ́n àìdé ibi iṣẹ́ lásìkò ni wọn kì í fojú fo ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ti wà ní kíláàsì 75 nínú 100 kó tó lè jókòó ìdánwò. Bó bá sì di wọ́ọ̀dù, aláìsàn kì í dúró dè ẹ́. Mo mọ̀ pé o ti yí padà, torí o ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Biology ní Ìbàdàn láti ọdún mélòó kan, olùkọ́ tó ń pẹ́ kò sì lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kàn rí i pé ìwọ náà mọ̀ ọ́n dájú.

Nípa ọjọ́ orí, ẹ̀rù tìẹ àti tèmi yàtọ̀. Ìwọ ń ka ọdún: ọ̀kan fún ìdánwò, mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan fún housejob tí dókítà tuntun ń ṣe ní ilé-ìwòsàn, o ti di ọmọ ọdún 37 kí o tó dá dúró. Ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣebí o rí bí ìyanṣẹ́lódì ASUU ṣe gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ní 2022. Àmọ́ o ti sin ìjọba, o kò tún ní lọ sí àgọ́ NYSC mọ́ lẹ́yìn MBBS, digírì dókítà, ọdún kan tí ẹlòmíràn á lò nìyẹn. Ìṣirò ọdún kò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ipò.

Ọmọ Yorùbá ni ẹ́. A kọ́ ẹ láti kúnlẹ̀ kí ẹni tó jù ẹ́ lọ, a sì kọ́ àwọn tó kéré sí ẹ láti má pe orúkọ rẹ mọ́lẹ̀. Ilé-ìwòsàn kì í wo ìyẹn. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni àgbà. Nígbà tí o bá ń ṣe housejob, registrar, ìyẹn dókítà tó ti ṣáájú ẹ lẹ́nu iṣẹ́, tó fi ọdún márùn-ún kéré sí ẹ á ní kí o lọ gba ẹ̀jẹ̀ wá láago méjì òru, ó sì lè bá ẹ wí níwájú aláìsàn, níwájú èmi ìyá rẹ pàápàá bí mo bá wà níbẹ̀. O gbọ́dọ̀ lè sọ pé "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," kí o sì lọ gba ẹ̀jẹ̀ náà láìdi kùnrùngbùn. Mo ti rí àwọn àgbàlagbà tí ìwé kò ṣòro fún, ibi tí wọ́n ti fẹ́ tàsé nìyí. Bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ra láti 100 level, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí ẹ ó jọ wà ní kíláàsì. Bi wọ́n léèrè ohun tí o kò mọ̀. Má sọ ara rẹ di ìyá kíláàsì.

Agbára tí àgbà ń mú wá sínú iṣẹ́ náà pọ̀ o. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí mo bá ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó lọ kọ́ ìṣègùn. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tí gìrì mú wá, tí ìyá rẹ̀ ti fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù, tàbí tó ti ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná kó lè jí, àwọn dókítà kéékèèké á bínú, wọ́n á jágbe mọ́ obìnrin náà. Dókítà tí mo ń sọ yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tọ́jú ọmọ tán, wọ́n á wá fa àga, wọ́n á jókòó ti ìyá rẹ̀, wọ́n á ṣàlàyé bí ibà ṣe ń di gìrì, àti ìdí tí kò fi yẹ kí a ki ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu. Obìnrin náà á lọ sọ fún aládùúgbò. Bí o ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní Biology ni mo ń wò tí mo fi rántí wọn.

Ronú nípa Dókítà Ògúntólá Sàpárà pẹ̀lú. Ará Iléṣà tó wà nítòsí wa níbí ni bàbá wọn, Freetown ni wọ́n ti bí wọn ní 1861. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní Èkó, wọ́n tún kọ́ pípo oògùn ní ilé-ìwòsàn, kí wọ́n tó kọjá sí ìlú òyìnbó. Ọdún 1895 ni wọ́n di dókítà, wọ́n ti lé ní ẹni ọgbọ̀n ọdún dáadáa. Àwọn ló wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń bọ Ṣọ̀pọ̀ná lọ kí wọ́n lè mọ bí àrùn náà ṣe ń ràn. Ẹni tí kò tíì rí ayé kò lè ní irú ìgboyà àti ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ kí o fi UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, sí ipò kìíní nínú fọ́ọ̀mù JAMB. Mo mọ̀ pé Ìbàdàn lo fẹ́. Ṣùgbọ́n Òṣogbo níbí ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn wọn wà, àti ilé-ìwòsàn ńlá tí àwa àgbà ṣì ń pè ní LAUTECH. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ lóòótọ́, àmọ́ o kò ní san owó ilé, o kò ní ra oúnjẹ, yàrá rẹ sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Kó o má wá rò pé nítorí pé ó wà nítòsí ló ṣe máa rọrùn. Àjọ MDCN tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ló ń pín iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè ní, kò sí èyí tó lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yunifásítì aládàáni, agbára wa kò ká a. Má sì yá owó lórí àwọn áàpù inú fóònù wọ̀nyẹn láé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹ pé òun mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe WAEC tí olùkọ́ á kọ ìdáhùn sójú pátákó, tàbí pé òun ní ẹni ní yunifásítì, dìde kúrò níwájú rẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù kan bá béèrè bóyá o ti wà ní yunifásítì rí, kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ti wà. Ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n fẹ́ fi lé ẹ lọ́wọ́.

Ọ̀gbẹ́ni tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, sọ fún un báyìí, kó má jẹ́ lẹ́yìn ìdáná. Sọ iye ọdún fún un.

UTME ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbà fún ẹ. Bí èkejì kò bá gbé ẹ wọlé, jọ̀ọ́, lọ fún Nursing Science tàbí Medical Laboratory Science, kí o má fi gbogbo ọdún tó ń bọ̀ ra fọ́ọ̀mù. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi tọ́ yín, n kò sì fìgbà kan rí i bí iṣẹ́ ẹni tí kò rí dókítà ṣe. Bó bá jẹ́ pé orúkọ "dókítà" ni inú rẹ ń dùn sí, tí kì í ṣe aláìsàn, sọ fún mi kí a tó náwó.

Bàbá rẹ ní àwọn á san owó WAEC ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àti ti JAMB. Má tíì fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ títí WAEC á fi jáde. Bí Physics kò bá bọ́ sí i, ti apá kejì ọdún ṣì wà. UTME sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí oṣù kẹrin, ó sì wù mí kí o wá gbé ilé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ya àwòrán ìwé WAEC àti NECO rẹ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kí o sì kọ orúkọ ẹni tó máa kọ́ ẹ ní Physics àti iye tó ń gbà lóṣù. Bí o kò bá rí ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ládùúgbò wa tó lè máa kọ́ ẹ lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti bá wọn sọ ọ́, wọ́n sì ti gbà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.