Ooru ti mú wa lóko, ọ̀rẹ́ mi

Ọ̀rẹ́ mi,

Báwo lọ̀hún? Ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àárò ẹ ń sọ mí gan-an, pàápàá lọ́sàn-án báyìí tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́, tí kálukú ti wá ibòji sùn sí. Màámi wà lábẹ́ igi, àwọn ọmọ da omi síra wọn lára lẹ́bàá kànga títí ó fi rẹ̀ wọ́n, wọ́n ti sùn lọ gbalaja, ajá náà sùn tì wọ́n.

Ẹnì kan ṣoṣo tí ò sùn ni Bàámi. Ṣebí o mọ̀ wọ́n. Koríko tá a gé fún àwọn ẹran ti gbẹ nílẹ̀, ojú ọ̀run sì ti ń ṣú lọ́nà ọ̀hún, wọ́n ní dandan kó wọlé kí òjò tó kàn án. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ o, torí tá a bá kó koríko tútù jọ sínú àká, inú ẹ̀ á máa gbóná díẹ̀díẹ̀, ó lè gbiná fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó sì jó ilé ẹran mọ́ wa lórí. Ṣùgbọ́n ṣé ìgbà tí oòrùn wà ní àtàrí ló yẹ kí wọ́n máa gbé e? Lọ́jọ́ Túsìdeè, òòyì kọ́ wọn, wọ́n di igi ọgbà mú, mo sáré gbé omi lọ, wọ́n ní kí n gbé e padà, pé òùngbẹ ò gbẹ àwọn. Ohun tó ń já mi láyà gan-an nìyẹn, torí nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé fún wa pé téèyàn bá ti dàgbà, omi lè ti tán lára ẹ̀ kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, àti pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò yẹn tún ń mú kí wọ́n máa tọ̀ púpọ̀. A ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ìdájí, kí wọ́n sinmi lọ́sàn-án, kí wọ́n padà síbẹ̀ tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Wọ́n ní ṣé àwọn wá di ọmọdé ni. Màámi bínú débi pé wọn ò bá wọn sọ̀rọ̀ títí alẹ́, èmi náà ò sì rí oorun sùn.

Adìyẹ dúdú yẹn ti pamọ, ọjọ́ 21 géérégé ló pé lórí ẹyin, àwọn ọmọ ò jẹ́ kó sinmi! Àwọn adìyẹ tó kù ń la ẹnu mí hẹlẹhẹlẹ, ẹyin ti dínkù. Tòmátò ń já òdòdó sílẹ̀ torí ooru, omi kànga ti lọ sílẹ̀, àwọn oyin náà ò lè dúró nínú ilé wọn mọ́, ìta ni wọ́n ń so rọ̀ sí lálaalẹ́ bí irùngbọ̀n. Àbúrò mi ti lóyún, má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni o.

Lánàá tílẹ̀ tutù díẹ̀, gbogbo wa jókòó síta, Bàámi tún sọ ìtàn ìwọ àti àgbò yẹn, a rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú Màámi. Báyìí ni mo fẹ́ kí wọ́n máa wà.

Jọ̀ọ́, bá mi pè wọ́n. Látìgbà ọ̀rọ̀ kànga yẹn, ìwọ nìkan lẹ́ni tí wọ́n ń gbọ́ tiẹ̀. Má sọ pé èmi ni mo rán ẹ, koríko ni kó o kọ́kọ́ béèrè, wọ́n á sọ ọ́ títí, ibẹ̀ ni kó o gbà wọlé, kó o ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi àtàwọn àbúrò mi kó èyí tó kù. Tó o bá máa pè, kó jẹ́ kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, torí tí wọ́n bá ti wọ bàtà, wọn kì í gbé fóònù dání.

Èmi ni tìẹ.