Ibi tí koríko àgbàlá wa ń lọ

Bowie, Maryland, Amẹ́ríkà,
Oṣù Karùn-ún, 2024.

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Ṣé ara Màmá le? Ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́ díẹ̀? Gbogbo wa níbí wà lálàáfíà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn ọmọ ní kí n kí yín.

Táíwò sọ fún mi pé ẹ ti wo fídíò tí mo fi ránṣẹ́, èyí tí mo ti jókòó sórí ẹ̀rọ tí mo ń gé koríko, àti pé ẹ bi í pé, “Ibo ni wọ́n ń kó gbogbo koríko yẹn lọ?” Ìbéèrè àgbẹ̀ ni, Bàbá, inú mi sì dùn sí i gan-an, torí iye tí mo ra ẹ̀rọ náà ni àwọn tó kù ń béèrè.

Lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í kó o lọ síbì kankan. Orí ilẹ̀ tó ti hù ni a ń fi í sílẹ̀ sí. Omi ló ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ nínú koríko tútù. Kò pẹ́ tí omi náà á fi gbẹ dànù, ekòló àti àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ á sì jẹ ìyókù. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Maryland ń kọ́ àwọn onílé pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí ó lè pèsè tó ìdá kan nínú mẹ́rin náítrójìn, oúnjẹ tó ń mú ewé hù dáadáa, tí koríko nílò lọ́dún. Owó fatiláísà nìyẹn tó ń dín kù. Àwọn kan ládùúgbò wa gbà pé ó máa dì sórí ilẹ̀, kò ní jẹ́ kí omi wọlé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Gbòǹgbò àti igi koríko tó ti kú ló ń dì bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ewé tí a gé.

Ṣùgbọ́n gígé rẹ̀ ní ọ̀nà. Lábẹ́ ìjókòó ẹ̀rọ náà, irin kan dé bo àwọn abẹ tó ń yí. Ẹ lè jẹ́ kó máa tú koríko jáde ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ lè so àpò mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó máa rọ́ sínú rẹ̀, ẹ sì lè dí ẹnu tí koríko ń gbà jáde pa, kí abẹ máa gé koríko ní àgétúngé títí tí yóò fi kúnná, tí yóò sì bọ́ sáàárín èyí tó wà ní ìdúró. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Kìkì pé koríko gbọ́dọ̀ gbẹ, kó má sì tíì ga jù. A kì í gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan: tó bá ti ga tó íńṣì 4 ààbọ̀, íńṣì 3 ni ó máa kù sí. Láti oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Kẹfà, ó ń hù kíákíá débi pé èèyàn kò gbọ́dọ̀ pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ.

Nígbà tí òjò bá wá rọ̀ léraléra, tí koríko ga, tó sì tutù, dídí ẹnu ẹ̀rọ kò ṣe é ṣe mọ́. Á lẹ̀ mọ́ abẹ́ irin náà, á máa já bọ́ lódidi lódidi bí òkèlè ẹ̀bà. Bí ẹ bá fi òkìtì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí ẹ wá ṣí i, koríko ìsàlẹ̀ á ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sì máa rùn kíkan. Mo máa ń dúró kí ìrì gbẹ, màá gbé abẹ sókè, màá ṣí ẹnu rẹ̀, màá gé e lókè ná. Lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, màá tún gé e sílẹ̀ sí i ní ìbú, kí èyí tó kó jọ lè tú ká.

Ọ̀tún ni ẹnu náà wà, nítorí náà ìyípo àkọ́kọ́ lẹ́bàá títì, inú àgbàlá ni mo máa ń kọ ọ̀tún sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo máa yí padà, kó máa tú sórí ibi tí mo ti gé, kí ẹ́ńjìnnì má baà máa ru ẹrù méjì pọ̀. Èyí tó bá fọ́n sórí títì, mo máa ń gbá a padà sínú koríko kíá. Ó ń yọ̀, ó lè gbé ọlọ́kadà ṣubú. Tí òjò bá sì gbá a wọ gọ́tà, odò Patuxent ló ń lọ, ibẹ̀ ló gbà dé Chesapeake, apá òkun tó ya wọ inú ilẹ̀. Ọ̀rá tó ń ṣe ilẹ̀ lóore yìí kan náà ló ń mú kí ohun aláwọ̀ ewé bo ojú omi níbẹ̀, tí ẹja àti akàn kò fi ní rí atẹ́gùn mí. Ìpínlẹ̀ yìí ti ṣòfin lórí fatiláísà ní 2011: láti 15 oṣù Kọkànlá títí di 1 oṣù Kẹta, àwa onílé kò gbọ́dọ̀ dà á sí koríko àgbàlá.

Àpò náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Mo máa ń fi díẹ̀ bo ìdí tòmátò àti ewédú mi, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, láìjẹ́ kó kan igi wọn. Mi ò gbọ́dọ̀ lò ó bí a bá ti fín oògùn apakoríko sí i. Ìyókù ń lọ sí ààtàn ní ẹ̀yìn ilé, níbi tí mo ti ń pò ó mọ́ ewé gbígbẹ, ewé ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta koríko. Tí mo bá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láàárọ̀, ó gbóná débi pé kíá ni mo ń fà á yọ, ooru á sì máa rú jáde lójú ihò náà.

Bàbá, ìdí tí mo fi kọ ọ́ gùn tó báyìí ni pé Táíwò ní iná ni òun ń sọ sí gbogbo koríko àti ewé máńgòrò tí òun bá gbá ní àgbàlá wa ní Ìsẹ́yìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi sọ fún un kó jáwọ́. Nínú oko, ẹ kò jẹ́ kí a sun èpò tí a bá ro; inú poro ni ẹ ní kí a máa kó o sí, ó sì ń jẹrà fún iṣu. Èéfín yẹn kò dáa fún ikọ́ Màmá pẹ̀lú. Igun tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, tó jìnnà sí kànga, yóò dára fún ààtàn. Kó máa fi ewé gbígbẹ àti koríko tútù léra, kó máa bu omi díẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀rùn, kó máa yí i padà lóòrèkóòrè. Ọgbà ẹ̀fọ́ Màmá ni kó kọ́kọ́ kó o sí tó bá ti dúdú.

Owó bárò àti fọ́ọ̀kì tó máa fi yí i ti wà nínú èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ ní kó ya fọ́tò igun náà fún mi kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Màmá àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Kẹ́hìndé